Ibo ni kílíìpù yẹn já sí? Bí a ṣe ń fi oscilloscope wọn iná láìfarapa

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo ra oscilloscope tèmi, ẹ̀rọ tó ń ya bí fóltì ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ sójú rẹ̀, tí à ń pè ní scope, tí mo fi jó ẹnu kílíìpù rẹ̀. Bọ́ọ̀dù iná tẹlifíṣọ̀n kan ló wà níwájú mi, ó ń tàn, ó ń kú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo mítà tí a fi ń wọn fóltì, mo sì mọ̀ pé wáyà dúdú máa ń lọ sára nẹ́gátíìfù, pupa a lọ sára pọ́sítíìfù. Mo rò pé bákan náà ni. Mo fi kílíìpù dúdú ti scope gán ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù capacitor ńlá (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́) tó wà lójú bọ́ọ̀dù.

Gbàù! Bíréékà já, ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn, ọmọ iṣẹ́ mi sì ti dé òdìkejì títì kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé kò sí o?" ló ń ké látòkèèrè. Nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì, eyín kílíìpù ti yọ́ mọ́ra wọn, ẹsẹ̀ capacitor ti dú bí ìdí ìkòkò, méjì nínú díódù mẹ́rin (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo) tó wà níbẹ̀ sì ti là sí wẹ́wẹ́. Orí ló yọ mí tí scope fúnra rẹ̀ kò kú.

Àwọn tó tètè ń ṣe irú àṣìṣe yìí ni àwọn tó ti mọ mítà í lò dáadáa. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí á béèrè; àwa tí ọwọ́ wa ti mọ́ wáyà dúdú àti pupa la kì í béèrè. Torí náà, kí n tó sọ nípa bọ́tìnì kankan, ẹ jẹ́ ká tọ kílíìpù yẹn lọ síbi tó já sí.

Kílíìpù kì í ṣe wáyà dúdú mítà

Bátìrì ló ń gbé mítà, ike ló sì bò ó. Kò mọ ilẹ̀ rárá, ẹ lè fi wáyà dúdú rẹ̀ kan ibi tó wù yín. Scope tó ń lo iná ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu kílíìpù, ọ̀nà gba inú àwọ̀n kọ́pà tó yí wáyà probe ká (probe ni ọ̀pá tí a fi ń kan ibi tí a fẹ́ wọ̀n, ara rẹ̀ ni kílíìpù ti yọ), ó dé orí irin rọ̀bọ̀tọ̀ tí ẹ fi ń de probe mọ́ ojú scope. Irin yẹn kan ara irin inú scope. Ara irin náà so mọ́ ẹsẹ̀ tó gùn jù nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta púlọ́ọ̀gì, ẹsẹ̀ yẹn ló sì gba inú ògiri lọ bá ọ̀pá kọ́pà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ ni kílíìpù já sí, ilẹ̀ gan-an tí à ń tẹ̀.

Lára transformer àdúgbò, wọ́n ti so neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, náà mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá fi kílíìpù kan wáyà tó gbé iná ti so wáyà yẹn mọ́ neutral nìyẹn, kò sí gílóòbù tàbí fíúùsì probe kankan láàárín wọn.

Ẹ ó ní: nẹ́gátíìfù capacitor lo fi kàn, báwo ló ṣe wá di wáyà tó gbé iná? Díódù mẹ́rin ló ń sọ iná ilé di DC, iná tí kì í yí padà bíi ti bátìrì, lórí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀ ní àádọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 50 Hz. Ní ìdajì yíyí kọ̀ọ̀kan, díódù kan máa ń so nẹ́gátíìfù capacitor mọ́ neutral. Kò sí wàhálà púpọ̀. Ní ìdajì kejì, díódù mìíràn máa ń so ó mọ́ wáyà tó gbé iná, a sì fà á lọ sí nǹkan bíi fóltì 325 nísàlẹ̀ fóltì ilẹ̀. Bí ó ti wù kí ẹ yára tó, ìdajì tó burú yẹn á dé kí ọwọ́ yín tó kúrò lára kílíìpù.

Nǹkan kejì tí wọn kì í sábà sọ: kílíìpù gbogbo probe, ì báà jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú scope. Tí ẹ bá fi ti àkọ́kọ́ kan ibì kan, tí ẹ fi èkejì kan ibòmíràn tí fóltì rẹ̀ yàtọ̀, wáyà lẹ fi so ibi méjèèjì pọ̀. Bátìrì inverter fóltì 12 pàápàá lè sọ wáyà kílíìpù di pupa yòò báyìí, láìsí iná NEPA níbẹ̀ rárá. Tí ẹ bá ń lo probe méjì lórí bọ́ọ̀dù kan, ẹ fi kílíìpù méjèèjì sójú kan náà.

Ṣé ilé yín ní ilẹ̀?

Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta pọ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tú òmíràn wò, wáyà méjì lẹ máa bá nínú rẹ̀. Ihò òkè kàn wà fún ẹwà ni. Ẹ wádìí kí scope tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi mítà sí AC (ti iná ilé tó ń yí padà), ibi tó lè gba fóltì 600, ẹ rọra ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìka yín kò gbọdọ̀ kọjá ààlà ike tó wà lára probe mítà.

Láàárín ihò iná àti neutral, ẹ máa rí ohun tí àdúgbò bá fún yín lọ́jọ́ náà: 230 lorúkọ rẹ̀, ó lè jẹ́ 190. Láàárín ihò iná àti ihò ilẹ̀, iye náà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Láàárín neutral àti ilẹ̀, fóltì díẹ̀ péré ló yẹ kó wà. Tí ẹ bá rí 80 tàbí 110 níbẹ̀, ihò ilẹ̀ yẹn kò so mọ́ nǹkan kan. Mítà lè ṣini lọ́nà o: ọ̀pá tó ti dípẹtà nínú ilẹ̀ gbígbẹ lè fún un ní iye tó dára, síbẹ̀ kí ó má lè gbé iná púpọ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀ wò wá, kí ó sì fi bíréékà tó ń já nígbà tí iná bá ń sá lọ sílẹ̀, oní-30 mA, sí ojú iná ṣọ́ọ̀bù yín. Owó rẹ̀ kò tó owó scope.

Nígbà tí kò bá sí ilẹ̀, ẹ tètè máa mọ̀: ara irin scope á máa já yín lọ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pàápàá tí ọwọ́ bá ń làágùn. Àwọn capacitor kéékèèké kan wà lẹ́nu ibi tí iná ti ń wọ scope, wọ́n so wáyà iná àti neutral mọ́ ara irin rẹ̀ kí ariwo iná má baà wọlé. Tí ilẹ̀ bá wà, ohun tí wọ́n ń gbé ń lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí kò bá sí, ara irin scope á gbé nǹkan bí ìdajì fóltì ilé. Kò sábà pa èèyàn, ṣùgbọ́n mo ti rí i tó pa IC (ẹ̀yà kékeré tó ń ṣiṣẹ́ bí ọpọlọ) fóònù oníbàárà nígbà tí kílíìpù kan án. Ẹ̀rọ tó yẹ kó tọ́ka àrùn ló pa aláìsàn.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ púlọ́ọ̀gì scope, pé ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó dún gbàù mọ́. Òótọ́ ni, kò ní dún. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá fi kílíìpù kàn, fóltì ibẹ̀ náà ni gbogbo irin ara scope á gbé: orí irin probe kejì, ihò USB, sukúrù ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó wá gbé ọwọ́ lọ yí bọ́tìnì kan, ọwọ́ kejì á wà lára irin tábìlì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ yẹra fún lára kílíìpù ti wá bọ́ sí àyà yín. Ẹ má ṣe é, bí ẹni tó kọ́ yín tilẹ̀ ń ṣe é.

Ẹ ṣọ́ra fún jẹnẹrétọ̀ kékeré náà. Neutral rẹ̀ kì í sábà so mọ́ ilẹ̀, torí náà kílíìpù lè kan ibi tí kò yẹ kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Ẹ ó ní, "Àná ni mo ṣe é, kò sí nǹkan." Ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná dé, tí ẹ yí ṣéńjì-ófà, bọ́ọ̀dù kan náà á fún yín lésì.

Kí ẹ tó tan án

Tí scope yín bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yí i padà ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà lè ní súìṣì tí wọ́n fi ń yan 115 tàbí 230, ó sì lè jẹ́ 115 ló wà. Ẹ yí i sí 230, ẹ yọ fíúùsì wò bóyá ó bá iye tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mu, nítorí fíúùsì 115 kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti 230. Àwọn àtijọ́ tó ní gílóòbù gígùn bíi tẹlifíṣọ̀n ìgbàanì ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì nínú, kódà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Ẹ má tú wọn.

Tábìlì pákó tó gbẹ ló dára jù. Rọ́bà lábẹ́ ẹsẹ̀, bàtà lẹ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ sílípáàsì tó ti rin omi. Ẹ bọ́ òrùka, aago àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ lẹ́yìn scope kí ó lè mí. Ẹ sì fi han ọmọ iṣẹ́ ibi tí súìṣì ńlá wà, ẹ ní kí ó pa á níṣojú yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i pé ọwọ́ rẹ̀ tó o. Tí iná bá di ẹnì kan mú, súìṣì ló máa kọ́kọ́ pa, kò gbọdọ̀ fa onítọ̀hún.

Títún probe ṣe

Lára probe, súìṣì kékeré kan wà: X1 àti X10. Ẹ fi sí X10, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jókòó síbẹ̀. Ní X10, probe ní resistor (ẹ̀yà tó ń dí iná lọ́nà) 9 megohm nínú, èyí tó kù, 1 megohm, wà nínú scope. Ìdá kan nínú mẹ́wàá fóltì ló ń wọlé. Ní X1, gbogbo fóltì ló ń wọlé gbuurugbu, ọ̀pọ̀ scope kò sì lè gbà ju fóltì 300 lọ. Èmi fi ọ̀dà èékánná pupa kun súìṣì tèmi kí ó má baà yí lójijì.

Scope fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé X10 lẹ wà. Ẹ tẹ bọ́tìnì ojú ọ̀nà tí probe wà, CH1, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Probe sí, ẹ yan 10X. Tí ẹ kò bá ṣe èyí, fóltì 12 á jáde bíi 1.2. Ẹ̀rín ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n fóltì 300 á jáde bíi 30, ẹni tó bá rí 30 kì í bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ojú scope, irin tíńtín kan wà níbẹ̀ tó ń mú ìgbì onígun mẹ́rin jáde, ẹgbẹ̀rún kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

1. Ẹ fi ẹnu probe kọ́ irin náà, kí kílíìpù kan irin ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
2. Ẹ tẹ Auto. Ìgbì náà á jókòó sójú scope bí eyín ilé odi.
3. Ẹ wo igun rẹ̀. Tí igun bá rọ̀ bí èjìká arúgbó, tàbí tó yọ ìwo sókè, probe kò tíì bá scope yín mu.
4. Ẹ mú sukurudíráfà oníke tó bá probe wá, ẹ yí sukúrù kékeré inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orí ìgbì á fi tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé probe láti ojú ọ̀nà kan sí òmíràn ni kí ẹ tún un wò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́: ṣájà fóltì 12

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tí kò lè pa yín. Ṣájà fóltì 12 tó ń gbé ẹ̀rọ kámẹ́rà CCTV dára, nítorí transformer inú rẹ̀ ti ya ẹnu tó ń mú iná jáde kúrò lára iná ilé. Níbẹ̀, kílíìpù lè kan nẹ́gátíìfù láìbẹ̀rù.

Kílíìpù ló ń kọ́kọ́ lọ, ẹnu probe ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ fi ojú ọ̀nà sí DC, kí àpótí kọ̀ọ̀kan lójú scope jẹ́ fóltì 5. Ìlà á gòkè ju àpótí méjì lọ díẹ̀. Mítà ti sọ ìyẹn fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹ wá yí DC sí AC, kí scope lè yọ fóltì tó dúró lójú kan kúrò, ẹ sọ àpótí di 50 millivolt. Èyí ni mítà kò lè fi hàn: ẹ̀gún tó wà lórí iná tí ẹ rò pé ó tẹ́jú. Oníbàárà kan gbé ẹ̀rọ kámẹ́rà wá rí, ó ń kú ó ń jí lóru. Mítà ń pe iná rẹ̀ ní 12.1. Lójú scope, ó ń jìn sísàlẹ̀ ju fóltì mẹ́ta lọ ní gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá tan iná òru wọn. Capacitor kan tí orí rẹ̀ ti wú ló fà á.

Tí àwòrán bá ń sáré kọjá bí ọkọ̀ lójú títì, trigger ni, ohun tó ń sọ fún scope ibi tí á ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ títí ìlà kékeré tó ń fi hàn á fi wọ àárín ìgbì, ó máa dúró jẹ́ẹ́. Fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irú bí iṣẹ́jú tí ẹ̀rọ bá ń tan, ẹ tẹ Single, scope á ṣọ́ ọ títí á fi dé, á sì mú un sílẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ tó gbóná

Bọ́ọ̀dù iná tẹlifíṣọ̀n, ti inverter, ti ṣájà: gbogbo wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan tó so mọ́ iná ilé tààrà. Wọ́n máa ń fa ìlà funfun tàbí kí wọ́n gé ihò gígùn sára bọ́ọ̀dù láti pààlà rẹ̀. Kílíìpù scope kò gbọdọ̀ ré ààlà yẹn kọjá lásán.

Ọ̀nà tó dára jù ni differential probe. Ó ní ẹnu méjì, kò ní kílíìpù ilẹ̀. Ẹ lè fi kan ibi méjì tó wù yín láàárín iye fóltì tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Owó rẹ̀ ń dun àpò, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹni tí kò bá tíì ní in lè lo probe X10 méjì: ẹ yọ kílíìpù méjèèjì kúrò lára bọ́ọ̀dù, ẹ gán wọn mọ́ra wọn, kí wọ́n má kan nǹkan kan. Ẹ wo ara probe, kí ó jẹ́ èyí tó lè gba fóltì 600. Ẹ sọ àpótí ojú ọ̀nà méjèèjì di fóltì 100, ẹ wọ Math, ẹ yan CH1 − CH2. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu méjèèjì kan ojú kan náà: tí ìlà Math kò bá tẹ́jú, ẹ padà lọ tún probe ṣe.

Ọ̀nà kẹta ni isolation transformer, transformer tó ń ya iná tó ń mú jáde kúrò lára iná ilé. Bọ́ọ̀dù tí ẹ ń tún ṣe ló ń gba iná láti inú rẹ̀ o. Scope dúró lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà, kílíìpù lè kan nẹ́gátíìfù ẹ̀gbẹ́ gbígbóná. Ṣùgbọ́n bíréékà 30 mA kò ní rí yín mọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù náà, torí náà ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, èkejì wà lẹ́yìn yín. Stabiliser kò lè dúró fún isolation transformer, variac tí ẹ fi ń yí fóltì náà kò lè ṣe é, bó ti wù kí ó wúwo tó. Ó ṣì so mọ́ wáyà ilé.

Ẹ fi gílóòbù 100 watt onírin gbígbóná sójú ọ̀nà iná bọ́ọ̀dù tí ẹ kò bá tíì mọ àrùn rẹ̀. Tó bá tàn yòò tí kò rẹ̀ sílẹ̀, nǹkan kan ti kú síbẹ̀, ẹ pa á, ẹ má gbé probe súnmọ́ ọn.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun kan bọ́ọ̀dù náà tàbí yọ ọ́ kúrò, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ sì tú iná inú capacitor ńlá dà. Àwa àgbà la fi ẹnu sukurudíráfà kọ́ yín. Ẹ má tẹ̀ lé wa. Resistor 2 kilohm, oní-watt 10, tí ẹ so wáyà oníke mọ́ lápá méjèèjì, ni kí ẹ fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Capacitor 150 microfarad tó gbé fóltì 325 kò ní ní nǹkan kan mọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ dì í mú dé márùn-ún, kí ẹ sì fi mítà wádìí rẹ̀.

Ẹnu inverter

Ẹnu tí inverter ń gbà mú 230 jáde kò ní neutral gidi nínú ọ̀pọ̀ èyí tí kò wọ́n. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló gbé iná. Kílíìpù kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ lo differential probe tàbí probe méjì bí mo ṣe wí. Ẹ fi àpótí ìbú sí 5 millisecond: ìgbì kan pípé á gba àpótí mẹ́rin. Inverter tó dára á ya òkè àti àfonífojì tó rọ̀ bọ̀rọ̀, ó gòkè dé nǹkan bíi 325, ó sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré lówó á ya àkàbà: ó dúró lórí òdo, ó fò sókè, ó padà sórí òdo, ó já sísàlẹ̀. Mítà tí kì í ṣe true RMS (èyí tó ń ṣírò iye gidi bó ti wù kí ìgbì rí) á máa parọ́ nípa àkàbà yẹn. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ tó sì lọ yí fóltì inverter lè sun fírííjì oníbàárà.

Scope kékeré tó ń lo bátìrì àti èyí tí wọ́n ń so mọ́ láptọ́ọ̀pù ń mú kí àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ kílíìpù ti tán. Èyí tó so mọ́ láptọ́ọ̀pù, ilẹ̀ rẹ̀ ni ara láptọ́ọ̀pù. Tí ṣájà bá wà nídìí rẹ̀, ẹ lè sun kọ̀ǹpútà yín pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Èyí tó ń lo bátìrì, orí irin ibi tí probe ń wọ̀ á gbé fóltì ibi tí kílíìpù wà, àfi tí wọ́n bá fi ike bò ó látilẹ̀. DSO138, scope kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti tò fúnra wọn, kò lè gbà ju fóltì 50 lọ. Ohun ìkọ́ṣẹ́ ni, kí ó jìnnà sí iná ilé.

Tí iṣẹ́ bá parí: ẹ pa bọ́ọ̀dù, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ tú capacitor dà, ẹ yọ ẹnu probe, kílíìpù ló kẹ́yìn. Ẹ ká wáyà probe ní òbìrí tó fẹ̀, ẹ má de é bí ìdì èlùbọ́, nítorí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, ó máa ń já níbi tí ojú kò ti lè rí i.